Kí àwọn ọmọdé tó pariwo ‘Up NEPA!’: Iṣẹ́ eléwu tó wà lẹ́yìn iná tó ń tàn

Bí iná bá ti lọ báyìí, NEPA ni tọmọdé tàgbà máa ń bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni ìjọba ti sọ NEPA di PHCN, tí wọ́n sì ta èyí tó pọ̀ nínú PHCN náà fún àwọn aládàáni ní 2013. Àwọn tí èébú náà ń bá, tí aráàlú kì í sì í rí, ni àwọn ẹnjiníà tó ń tọ́jú ibùdó tiransifọ́mà ńláńlá tí wọ́n ń pè ní sọbusítéṣọ̀n.

Inú irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń ti Kàíńjì àti ibòmíràn bọ̀ ní agbára 330,000 fóólítì ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí 132,000. Á tún bọ́ sí 33,000, lẹ́yìn náà 11,000, kó tó dé ọ̀dọ̀ tiransifọ́mà àdúgbò tó ń sọ ọ́ di 415. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ibùdó tó wà ní Òṣogbo kọjá rí yóò ti gbọ́ bó ṣe ń kùn bí ilé oyin.

Iṣẹ́ wọn kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ìgò kan wà lára tiransifọ́mà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀. Àwọ̀ búlúù ni èròjà wóróworó inú ọ̀pọ̀ ìgò náà máa ń ní. Bó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀rinrin ti gba ibẹ̀ nìyẹn, omi sì ni ọ̀tá òróró inú tiransifọ́mà. Àwọn tánganran tó gbé wáyà dúró náà ń fẹ́ fífọ̀. Eruku ọyẹ́ a lẹ̀ mọ́ wọn, bí ìrì tàbí òjò àkọ́rọ̀ bá wá ta sí i, eruku tútù náà á di ọ̀nà fún iná. Ara ohun tó ń mú iná lọ nígbà òjò àkọ́rọ̀ nìyí, kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù òjò bí àwọn kan ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn olè tó ń hú wáyà bàbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Wáyà yìí ló ń kó iná tó bá ṣáko wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, irin lásán tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ kàn lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń dédé gun nǹkan níbẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ pa iná, wọn á ya wáyà sọ́tọ̀ níbi tí ojú ti lè rí àlàfo, wọn á fi àgádágodo tì í, wọn á sì gbé àkọlé kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọn á dán an wò bóyá iná ṣì wà, kí wọ́n tó so ó mọ́ ilẹ̀. Ẹnìkan lè béèrè pé, nígbà tí wọ́n ti pa iná, kí ni wọ́n tún ń so mọ́lẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ inú ilé wa wà lára ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ láìlo ṣénjìófà lè máa dá iná padà sórí òpó, tiransifọ́mà àdúgbò tó ń sọ 11,000 di 415 yóò sì sọ ọ́ di 11,000 padà. Ẹni tó wà lókè òpó kò ní mọ ibi tó ti wá.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹni tó gba ìwé àṣẹ ní àárọ̀ ló gbọ́dọ̀ dá a padà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti ka àwọn èèyàn rẹ̀ pé wọ́n ti jáde tán. Bó bá ku ẹyọ ẹnìkan, iná kò gbọdọ̀ padà, ì báà jẹ́ pé gbogbo ìlú ń pariwo.