Orí Ẹja gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí: Àwọn Apẹja-Afẹ́ àti Ìwádìí Ẹja White Seabass ní Etíkun Kalifọ́níà

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àkọsílẹ̀ yìí ni láti ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí ẹja pípa kò sì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ṣe di alábàáṣe nínú ìwádìí kan tí ó gba ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gúúsù Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa lè kọ́kọ́ bèèrè pé irú ènìyàn wo ni yóò máa pẹja láìjẹ́ pé ó fẹ́ tà á tàbí pé ebi ń pa á. Ìbéèrè náà tọ̀nà. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ àjogúnbá ni ẹja pípa jẹ́ fún àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn mìíràn tí ó ń gbé etí ọ̀sà. Àgbàlagbà tí ó bá jókòó ti ìwọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí ìgbádùn nìkan, a ó ní nǹkan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àìmọye ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀: olùkọ́, mẹkáníìkì, dókítà, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Wọ́n ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ń sanwó ọkọ̀, wọ́n ń ra ìjẹ. Àwọn wọ̀nyí ni n ó máa pè ní apẹja-afẹ́.

Ẹja tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí ni èyí tí wọ́n ń pè ní white seabass. Atractoscion nobilis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn a máa ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ẹja náà kì í ṣe ẹbí bass rárá. Ìdílé Sciaenidae ni ó ti wá, ìyẹn ìdílé tí kúrókà tí a ń rà ní ọjà Èkó ti wá pẹ̀lú. Bí kúrókà náà ni ó ṣe máa ń dún. Ní àsìkò ẹyin, akọ rẹ̀ a máa lu inú ara rẹ̀ bí ẹni lu ìlù. Ó lè gùn tó mítà kan àti ààbọ̀, kí ó sì wọ̀n tó kìló 40. Ẹran rẹ̀ funfun, ó sì dùn, èyí tí ó fa àkóbá fún un.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún ogún, ẹja yìí pọ̀ ní gúúsù Kalifọ́níà. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1980, ohun tí àwọn apẹja ń rí kó kò tó nǹkan mọ́. Nígbà tí Mẹ́síkò sì ti omi tirẹ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ apẹjatà Amẹ́ríkà ní 1982, ó wá hàn kedere bí ohun tí ó kù nílé ti kéré tó. Ní 1983, ilé aṣòfin Kalifọ́níà gbé ètò kan kalẹ̀ láti máa tọ́ ọmọ ẹja yìí, kí wọ́n sì máa tú wọn sínú òkun. Owó orí ìlú gbogbo kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ pẹja ní òkun tí ó wà ní gúúsù Point Arguello ní láti ra òǹtẹ̀ kan kún ìwé àṣẹ rẹ̀, owó òǹtẹ̀ yìí ni ó sì ń bọ́ ètò náà. Apẹja-afẹ́ tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé, owó mi dà?

Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Hubbs-SeaWorld ni ó ń darí iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1986 ni a ti ń tú ọmọ ẹja sílẹ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n 1995 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́mọ-ẹja ńlá kan sí ìlú Carlsbad. Nínú agbada ńláńlá ni àwọn ìyá àti bàbá ẹja ń gbé níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń yí ìmọ́lẹ̀ àti ìgbóná omi padà díẹ̀díẹ̀ títí ẹja yóò fi gbà pé ìgbà ìrúwé ti dé, tí yóò sì yé. Nígbà tí ọmọ bá ti gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8, wọn yóò ki wáyà kan bọ inú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wáyà yìí kò gùn ju mìlímítà kan lọ, ó tín-ín-rín bí irun, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀ tí ó ń sọ ìsọ̀wọ́ tí ẹja náà ti wá. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò kó àwọn ọmọ náà lọ sínú àgò tí a fi àwọ̀n ṣe, tí ó léfòó ní àwọn èbúté láti Santa Barbara dé San Diego. Àwọn apẹja-afẹ́ fúnra wọn ni ó ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń fọ àwọ̀n, wọ́n ń yọ òkú kúrò, láìgba kọ́bọ̀, fún oṣù mélòó kan kí a tó tú wọn sílẹ̀.

Ìdajì iṣẹ́ wọn nìyẹn, òun sì ni gbogbo ènìyàn ń rí. Ìdajì kejì ni ó wú mi lórí jù. Ojú lásán kò lè rí wáyà tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja. Nítorí náà, wọ́n bẹ gbogbo ẹni tí ó bá pa white seabass tí ó tó pa, ìyẹn èyí tí ó gùn tó íǹṣì 28, pé kí ó gé orí rẹ̀, kí ó sì jù ú sínú fírísà tí a gbé sí èbúté tàbí sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìjẹ, pẹ̀lú ìwé pélébé tí ó sọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti pa á. Ẹ jẹ́ kí a má fojú kéré ohun tí wọ́n tọrọ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá ní kí ìyálé fi orí kúrókà sílẹ̀ nítorí sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa, nítorí pé olórí ilé ni ó ń jẹ orí ẹja. Nínú yàrá ìwádìí, ẹ̀rọ tí ó ń gbọ́ òórùn irin, bí mo bá lè pè é bẹ́ẹ̀, ni a ó gbé orí kọjá lára rẹ̀. Bí ó bá dún, a ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́, a ó sì ka nọ́ńbà náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Kí ni a fẹ́ fi orí tí kò ní wáyà ṣe? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti yé. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó wà nílé ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan ní agbọ̀n èkùrọ́ ńlá tí kò lè kà tán. Ó da ìlẹ̀kẹ̀ pupa díẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì rò ó pọ̀. Bí ó bá di ojú, tí ó bu ẹyọ 100, tí ó bá ìlẹ̀kẹ̀ 3 níbẹ̀, ó ti lè fojú díwọ̀n ipò tí ìlẹ̀kẹ̀ kó nínú gbogbo agbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni ó ń ṣà jọ, tí kò ka èkùrọ́, kò tíì mọ ohunkóhun. Nítorí èyí, apẹja tí orí ẹja rẹ̀ kò ní wáyà ti ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí tirẹ̀ ní. Kò sì pọn dandan pé kí gbogbo orí wọlé. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé kí ẹni tí ó ń mú orí wá má ṣà á. Àìrí wáyà yìí wá di àǹfààní, nítorí pé ẹni tí kò rí ìlẹ̀kẹ̀ kò lè mọ èyí tí yóò mú.

Ní 2017, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí wọn kò sí nínú ètò náà yẹ gbogbo iṣẹ́ yìí wò. Ní àkókò yẹn, ọmọ ẹja tí a ti tú sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 2. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹja tí a tọ́ nílé kò tó ìdá 1 nínú 100 nínú ẹja tí àwọn apẹja ń pa. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà ni ó kú sínú òkun kí wọ́n tó dàgbà. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu púpọ̀: ẹja tí ó dàgbà sínú agbada, tí ènìyàn ń fọ́n oúnjẹ fún, níbo ni yóò ti kọ́ bí a ti ń sá fún ọ̀tá? Wáyà mìíràn sì lè já bọ́, kí kíkà má pé. Síbẹ̀, àlàfo tí ó wà láàrin ìrètí àti èsì pọ̀ ju ohun tí wáyà tí ó sọnù lè dí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni white seabass ti pọ̀ sí i ní tòótọ́! Ẹ̀yìn ọdún 1995 tí a ṣí ilé Carlsbad ni ó sì hàn sí gbogbo ènìyàn pé ó ń pọ̀. Bí a bá gbé ìtàn náà kalẹ̀ báyìí nìkan, ta ni kò ní sọ pé ilé ìtọ́mọ ni ó ṣe é? Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní àsìkò kan náà. Ní 1990, àwọn olùdìbò Kalifọ́níà fọwọ́ sí òfin tí a ń pè ní Proposition 132. Òfin yìí lé àwọ̀n tí a ń nà sínú omi bí ògiri, tí ẹja ń fi orí há sí, jìnnà sí etíkun gúúsù ní máìlì 3, àti sí àwọn erékùṣù tí ó wà níwájú rẹ̀ ní máìlì 1. Ọdún 1994 ni ó wá múlẹ̀. Àwọn tí àwọ̀n jẹ́ oúnjẹ wọn ni ó ru ẹrù rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí ó dá ìwé àṣẹ wọn padà. Ní 2008, Daniel Pondella àti Larry Allen tẹ ìwádìí kan jáde nípa ẹja ńlá mẹ́rin tí ó ń pa ẹja jẹ ní agbègbè yẹn: white seabass, giant sea bass, àti oríṣi ẹja ekurá méjì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ti dín kù tẹ́lẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ lẹ́yìn tí àwọ̀n kúrò. Ẹ rántí pé ètò tí a ń sọ yìí kò tọ́ ọmọ fún mẹ́ta yòókù.

Òfin àwọ̀n ní 1994, ilé ìtọ́mọ ní 1995: ọdún kan péré ni ó wà láàrin wọn. Kò sí onímọ̀ tí ó lè fi iye ẹja tí ó wà nínú òkun nìkan ya iṣẹ́ èkíní sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ èkejì. Orí tí ó wà nínú fírísà ni ó yà wọ́n. Ní èrò tèmi, ẹ̀bùn tí àwọn apẹja-afẹ́ fi orí wọ̀nyẹn ṣe tóbi ju èyí tí wọ́n ṣe nídìí àgò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nídìí àgò ni ọkàn wọn wà. Mo mọ̀ pé èyí kò rọrùn láti sọ fún ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọmọ ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a wá fi ẹ̀rí tí òun fúnra rẹ̀ kó wá sọ fún un pé àwọn ọmọ náà kò yè. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀rí yẹn, ìlú mìíràn tí ẹja rẹ̀ ń tán ì bá kọ́ ilé bíi ti Carlsbad, kí ó sì fi àwọ̀n sílẹ̀ nínú omi.

Orí tí kò ní wáyà kò sì parí iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Òkúta kékeré kan wà nínú etí ẹja, tí ó ń dàgbà ní ipele-ipele bí igi ìrókò ti ń ní òrùka nínú. Bí a bá gé e pẹlẹbẹ, a lè ka ọdún tí ẹja náà lò láyé. Láti ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a fi lè mọ̀ bóyá àgbà ẹja tí ó ń yé ṣì pọ̀ nínú òkun, tàbí bóyá àwọn ọmọ ọdún kan tí omi gbóná, tí ìbímọ sì dára, ni gbogbo ènìyàn ń pa jẹ.