Ìbọn táwọn ọmọdé mọ̀ sí ti Star Wars, irú ẹ̀ ni wọ́n fi pa Indira Gandhi

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, kò mọ̀ pé ikú tó pa bàbá òun ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ ìbọn dúdú kan rí, èyí táwọn ṣójà aláṣọ funfun máa ń gbé káàkiri nínú fíìmù Star Wars. Láti ọdún 1977 ni tọmọdé tàgbà ti ń wò ó, tí wọ́n ń fi ike ṣe irú ẹ̀ tà fáwọn ọmọ kéékèèké, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹ̀. Ìdí ni pé nínú fíìmù yẹn, ìbọn náà kì í bani. Àwọn ṣójà yìí á yìn ín títí, iná ẹ̀ á máa gba ọ̀tún, á máa gba òsì, àwọn tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi pa á sì sá lọ láìfarapa. Kódà, ọ̀rọ̀ náà ti di ohun táwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ kárí ayé: bí ẹnì kan ò bá mọ ìbọn yìn, wọ́n á ní ṣójà Star Wars ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni ìbọn náà nígbà tó dáyé. Kì í ṣe inú fíìmù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kì í sì í ṣe pé àwọn onífíìmù jókòó, wọ́n ronú ẹ̀, wọ́n sì fi igi gbẹ́ ẹ. Ìbọn gidi ni, ìbọn ogun ni, àwọn tó sì ti tọwọ́ ẹ̀ kú lójú ayé kì í ṣe òṣèré tó máa dìde nígbà tí kámẹ́rà bá dúró.

DAGENHAM NI WỌ́N TI ṢE É

Sterling lorúkọ ìbọn yìí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Patchett ló fi ọpọlọ ẹ̀ gbé e kalẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, níléeṣẹ́ Sterling tó wà ní Dagenham, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà yẹn, ìbọn Sten làwọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì ń gbé jà, wàràwàrà ni wọ́n sì ṣe Sten, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbà míì, ibi tógun bá ti gbóná gan-an ló máa ti há. Ti Patchett yàtọ̀ sí i. Ó ṣe inú ẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé yanrìn àti ẹrẹ̀ kì í tètè dí i lọ́wọ́. Lọ́dún 1953, iléeṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé, àwọn ṣójà wọn sì lò ó títí wọ inú àwọn ọdún 1990. Kánádà ṣe tiẹ̀, Íńdíà náà ṣe tiẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe, wọ́n ní ó lé ní 400,000.

Ẹ má rò pé nǹkan ràgàjì kan ni o. Ìbọn náà ò wúwo tó kílò mẹ́ta. Èèyàn lè ká ìdí ẹ̀ pọ̀ sábẹ́, kó gbé e sápá bí ẹni gbé báàgì. Mágásínì ẹ̀ kì í wà nísàlẹ̀ bíi tàwọn ìbọn yòókù, ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń yọ sí, ọta 34 ló sì ń wọnú ẹ̀. Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò, bí ọta 550 ló lè tu jáde láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ owó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Patchett àtiléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Wọ́n fà á títí dé House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Lọ́dún 1955, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá fọpọlọ ẹ̀ ṣe lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ti ọ̀gá ni. Patchett ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe ìbọn náà, ṣùgbọ́n Sterling, orúkọ iléeṣẹ́, ló padà mọ́ ọn lára títí dòní.

OWÓ Ò TÓ, NI WỌ́N BÁ LỌ YÁ ÌBỌN

Báwo wá ni ìbọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì ṣe dénú fíìmù tó jẹ́ pé ojú ọ̀run lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń jà? Àìlówó ló fà á.

Lọ́dún 1976, George Lucas, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń darí fíìmù náà, kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ sí Tùnísíà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó dé ilé ìyàwòrán Elstree tí ò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là lọ. Fún fíìmù tí ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀dá abàmì àti ogun ńlá kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, owó kékeré nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa ṣe ìbọn tuntun fún gbogbo ṣójà inú ẹ̀, owó ọ̀hún á tán kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Roger Christian ni wọ́n fi sídìí àwọn ohun èlò tí wọ́n máa lò nínú eré náà. Òun ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe ìbọn kankan, kí wọ́n lọ yá ìbọn gidi, kí wọ́n sì pa á láwọ̀ dà. Ṣé bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó gba ọ̀dọ̀ Bapty lọ, iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa ń yá àwọn onífíìmù níbọn. Ibẹ̀ ló ti rí Sterling.

Ohun tó ṣe sí i ò ju iṣẹ́ gọ́ọ̀mù lọ. Ó mú ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí táwọn káfíńtà máa ń fi sára dúrọ́ọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìbọn náà yí ká. Ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lé e lórí, awò ogun àtijọ́ ni. Ó lẹ ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń ka nǹkan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí iṣẹ́ kankan tíyẹn ń ṣe níbẹ̀ ju kó kàn dà bí ohun àràmàǹdà lọ. Wọ́n yọ mágásínì gígùn ẹ̀, wọ́n fi kúkúrú sí i. Nígbà tí Lucas rí i, inú ẹ̀ dùn, torí kò fẹ́ nǹkan tó ń dán gbinrin bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ti gbó mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́ ló ń wá.

Sterling nìkan kọ́ ni wọ́n sọ dà bẹ́ẹ̀ o. Ìbọn ìléwọ́ tí Han Solo máa ń fà yọ, Mauser àwọn ará Jámánì ni. Àwọn ìbọn gígùn míì tó wà lọ́wọ́ àwọn ṣójà náà, MG34 tí wọ́n fi jagun Hitler ni, òmíràn sì jẹ́ Lewis tí wọ́n lò nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọn ò kà wọ́n sí nǹkan bàbàrà nígbà náà, ṣùgbọ́n lóṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n gbé ọ̀kan lára Mauser tí wọ́n ṣe fún Han Solo sí gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, 1,057,500 dọ́là sì lẹni tó rà á san. Christian ní tiẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 1978, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú fíìmù náà.

KÌ Í BANI

Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù àkọ́kọ́ yìí, àwọn kan lára àwọn Sterling náà ṣì ń yìn dáadáa. Ọta tó lẹ́tù nínú àmọ́ tí kò lórí ni wọ́n kó sí i, kó lè máa dún, kó sì máa yọ iná lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n ń tún fíìmù ṣe ni wọ́n tó wá fi iná pupa tó ń fò yẹn kún un. Ẹni tójú ẹ̀ bá mú, tó sì fara balẹ̀ wo ibi táwọn ṣójà aláṣọ funfun ti kọ́kọ́ já wọnú ọkọ̀ àwọn ọ̀tá wọn, á rí iná gidi lẹ́nu ìbọn náà. Ìró tó ń ṣe ńkọ́? Ben Burtt tó ń ṣètò ìró inú fíìmù náà ló lọ fi òòlù lu wáyà líle tó di òpó rédíò mú, tó gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Fíìmù náà jáde ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 1977, ó sì pa owó jọ bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Òmíràn tẹ̀ lé e lọ́dún 1980, ìkẹta dé lọ́dún 1983, Sterling sì wà nínú gbogbo wọn. Àmọ́ bówó ṣe ń pọ̀ sí i, kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ ló jẹ́ ìbọn gidi mọ́. Wọ́n ti ń da ike sínú ẹ̀dà ẹ̀, kó lè fúyẹ́.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni pé nínú fíìmù àkọ́kọ́, bàbá àgbà Obi-Wan yẹ ibi tí wọ́n ti paayan wò, ó sì sọ pé àwọn ṣójà yìí nìkan ló mọ ìbọn yìn tó báyẹn. Kò ju bíi wákàtí kan lọ tí wọ́n fi já a nírọ́. Luke, Han àti Leia ń sá lọ níwájú wọn, ìbọn ń dún lákọlákọ, kò sì sí èyí tó ba ẹnì kankan nínú wọn. Lóòótọ́, ìtàn náà sọ pé ọ̀gá wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n lọ kó lè tọpa wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún ti wọlé, kò sì jáde mọ́.

ỌDÚN 1984

Fíìmù kẹta ò tíì pé ọdún kan tó jáde tí Sterling gidi fi dún láàárín Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, ọdún 1984 ni. Àwọn ọmọ Líbíyà tínú ń bí sí ìjọba Gaddafi kóra jọ síwájú iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn ní St James's Square, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn. Yvonne Fletcher, ọlọ́pàá obìnrin, ọmọ ọdún 25, wà lára àwọn tí wọ́n ní kó dúró síbẹ̀ kí wàhálà má bàa ṣẹlẹ̀. Kò gbé ìbọn dání. Àfi gbàmù tí wọ́n yìnbọn láti ojú fèrèsé iléeṣẹ́ náà. Sterling ni. Ó ba èèyàn 11 nínú àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn, ó sì ba Fletcher. Ọmọbìnrin náà kú lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó wà nínú ilé náà ní ààbò tí òfin fún aṣojú ìjọba, nígbà tọ́jọ́ sì pé mọ́kànlá, wọ́n jáde, wọ́n wọ bàálù, wọ́n lọ sílé.

Oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Láàárọ̀ ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1984 yẹn kan náà, Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà, ń fẹsẹ̀ rìn gba inú ọgbà ilé ẹ̀ kọjá ní New Delhi. Òṣèré Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Ustinov, ń dúró dè é láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún tẹlifíṣàn. Méjì nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀mí ẹ̀ ló dúró lójú ọ̀nà. Ẹlẹ́sìn Sikh làwọn méjèèjì, inú sì ń bí wọn torí bí ṣójà ṣe wọnú ilé ìjọsìn tó tóbi jù lọ tí wọ́n ní ní Amritsar lóṣù kẹfà ọdún náà. Ẹnì kìíní, Beant Singh, fi ìbọn ìléwọ́ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá náà ṣubú. Ẹnì kejì, Satwant Singh, gbé Sterling sókè, ó sì tu ọta 30 sí i lára.

Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ìbọn tó ń tu ọta 550 láàárín ìṣẹ́jú kan, béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹnì kan tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ọgbọ̀n ọta ti jáde tán. Ẹni ọdún 66 lobìnrin náà. Wọ́n pa Beant Singh níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n yẹgi fún Satwant Singh lóṣù kìíní ọdún 1989. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé ikú ìyá náà, àwọn jàǹdùkú dìde sáwọn Sikh tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn.

Ọdún kan ṣoṣo nìyẹn o, ìlú méjì. Nínú fíìmù, gbogbo ìgbà ni Sterling ń tàsé. Lójú ayé, kò tàsé.

ỌMỌ YORÙBÁ TÓ KỌ̀ LÁTI YÌN ÍN

Iléeṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà ní Dagenham ti kógbá sílé láti ọdún 1988. Star Wars ní tiẹ̀ ń lọ ní rẹbutu. Lọ́dún 2012, Disney ra iléeṣẹ́ Lucas ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún 2015, wọ́n gbé The Force Awakens jáde. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ṣójà aláṣọ funfun inú ẹ̀ ni John Boyega. Àwọn tó bá mọ orúkọ ẹ̀ délé mọ̀ pé John Adédayọ̀ Bámidélé Adégbóyèga ni. Lọ́dún 1992 ni wọ́n bí i sí Lọ́ńdọ̀nù, Peckham ló gbé dàgbà, ọmọ Yorùbá látilẹ̀ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, pásítọ̀ sì ni bàbá ẹ̀.

Ìbọn tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe Sterling gidi mọ́. Wọ́n ṣe é ní tuntun, wọ́n kùn ún ní funfun àti dúdú. Àmọ́ ẹni tó bá mọ bàbá mọ ọmọ, ìrísí Sterling ò kúrò lára ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ náà fi ṣe. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ẹnì kejì ẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ṣójà gba ọta, ó ń kú lọ, ó sì fi ọwọ́ tẹ́jẹ̀ ti kùn ra akoto funfun tó wà lórí ẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kéèyàn rí ẹ̀jẹ̀ nínú Star Wars. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn ará abúlé jọ, àṣẹ sì wá látòkè pé kí gbogbo ṣójà yìnbọn fún wọn. Gbogbo wọn yìn ín, àwọn ará abúlé ń ṣubú, kò sì sí èyí tó tàsé lọ́jọ́ yẹn. Òun nìkan ló sọ ẹnu ìbọn tiẹ̀ kalẹ̀. Látibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tó máa gbà sá kúrò níṣẹ́ ológun.

Ṣójà kan rèé tó mọ̀ pé ohun tóun gbé lọ́wọ́ ń pààyàn.

Ìbọn ike ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ á sì máa bẹ bàbá ẹ̀ pé kó rà á fóun. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má rà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá gbé e wálé, tó béèrè pé ibo ni irú ìbọn yìí ti wá, ẹ má sọ fún un pé ojú ọ̀run ni. Dagenham ni.