Gáàdì Irin fún Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù: Ohun Tí Ẹ Máa Sọ fún Wẹ́dà

Ọ̀rọ̀ irúgbìn àti ajílẹ̀ la sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé irè oko yín lọ sọ́jà ni, nítorí ohun tí mo fi ojú ara mi rí ní títì Àgbádárìgì. Píkọ́ọ̀pù kan tí àgbẹ̀ mẹ́rin dáwó rà ń gbé páìpù omi àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sí oko ẹ̀fọ́ bọ̀. Ọlọ́kadà kan já wọ ọ̀nà lójijì, dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró, páìpù ò dúró. Ọ̀kan nínú wọn la gíláàsì ẹ̀yìn kọjá, ó sì ya èjìká ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ká ní ó yà sápá kan díẹ̀ ni, ọrùn ni ì bá bà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìyá náà kò fi lè gbé ọkọ́, àsìkò iṣẹ́ gan-an sì ni.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé ẹni. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ẹrù inú rẹ̀ náà ń sáré. Táyà ni bíréèkì ń mú, kì í mú ẹrù. Okùn tí ẹ fi dì í ló lè dá a dúró, tàbí ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Nínú píkọ́ọ̀pù, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ àti gíláàsì ló wà níwájú ẹrù, orí ènìyàn ló sì tẹ̀ lé gíláàsì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ́tò fi máa ń de irin sẹ́yìn ibi ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Gáàdì la máa pè é níbí. Àwọn dẹ́rẹ́bà Amẹ́ríkà ń pè é ní headache rack, irin ẹ̀fọ́rí, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí ẹrù bá wọn lórí. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, àmọ́ òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Òfin ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà sọ bí irin náà ṣe gbọ́dọ̀ rí nígbà tí ẹrù bá fara tì í. Ó ní kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 láti ilẹ̀ ọkọ̀, tàbí kó ga débi tí ẹrù kankan kò fi ní lè kọjá síwájú, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Kò gbọdọ̀ ní ihò tí ẹrù lè gbà kọjá. Bí kò bá sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó gbọ́dọ̀ lè gba ìdajì ìwúwo ẹrù náà. Òfin tiwọn nìyẹn o, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé àgbẹ̀ lè fi ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá kó àpò 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 50, tọ́ọ̀nù 1 nìyẹn. Gáàdì yín gbọ́dọ̀ lè gba kílò 500 láì tẹ̀. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe fáàrí lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọkàn tán an.

Ẹ ó bi mí pé níbo la ti máa ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ọ̀nà Àgbádárìgì, ẹ gba Máìlì 2 wọ Kirikiri. Èbúté Àpápá àti ti Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, wà nítòsí ibẹ̀, Lighter Terminal sì wà ní Kirikiri fúnra rẹ̀. Ibi tí tírélà àti táńkà bá pọ̀ sí, wẹ́dà tó ń jó irin nínípọn kì í wọ́n níbẹ̀, títí wọ Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó ń jó ẹ̀yìn tírélà lójoojúmọ́ mọ irin tó ń jẹ ìyà ju ẹni tó ń ṣe géètì àti wíńdò lọ. N kò bú àwọn oníwíńdò o, iṣẹ́ ló yàtọ̀. Ẹ tètè jáde nílé ṣá, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àpápá kì í ṣe kékeré.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi téèpù wọn ìbú inú bọ́dì ẹ̀yìn, gíga láti ilẹ̀ bọ́dì dé òkè òrùlé, àti àlàfo tó wà láàárín bọ́dì àti ibi ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Ẹ má fi ìwọ̀n ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe tiyín. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú yín. Ìwọ̀n rẹ̀ àti ti Hilux kò dọ́gba. Ẹ ya gáàdì náà sínú bébà, bó ti wù kó burú mọ. Ẹ jẹ́ kó fi ínṣì 2 ga ju òrùlé lọ.

Fún férémù, páìpù onígun mẹ́rin ínṣì 2, tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3, ló dára. Ẹ wo ẹnu páìpù náà dáadáa, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n, torí wọ́n máa ń ta èyí tí kò nípọn tó ìdajì bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Gígùn kan jẹ́ mítà 6, ìwúwo rẹ̀ sì tó bíi kílò 26. Gígùn kan àti ààbọ̀ sábà máa ń tó. Bí ẹ bá fi àwọ̀n irin kún un, gbogbo rẹ̀ á wúwo tó bí àpò sìmẹ́ńtì kan, nítorí náà, ẹ yọ àpò kan kúrò nínú ẹrù tí ẹ ń kó. Ẹni tó bá fẹ́ àlòkù irin lè dé Owódé Onírin, àmọ́ kó yẹra fún èyí tí ìpẹtà ti jẹ. Ihò àwọ̀n kò gbọdọ̀ gba páìpù tó kéré jù tí ẹ ń kó, síbẹ̀ kí dẹ́rẹ́bà lè máa ríran kọjá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni ibi tí wọ́n ń so ó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o mọ́ ara ibi ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ibẹ̀ àti bọ́dì ẹ̀yìn kì í ṣe ara kan náà. Bí ọkọ̀ bá wọ kòtò, ọ̀tọ̀ ni bí oníkálukú ṣe ń yí. Ohun tí ẹ bá jó pọ̀ á fa ara wọn ya. Inú bọ́dì ni kí gáàdì dúró sí, kó fi ínṣì kan tàbí méjì jìnnà sí gíláàsì. Ẹ fi bóòtì mìlímítà 12 dè é mọ́lẹ̀, mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ nínípọn sábẹ́ páànù, torí páànù nìkan á fàya. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ méjì tó dagun, láti òkè gáàdì wá sílẹ̀ bọ́dì sápá ẹ̀yìn. Gáàdì tí kò ní ẹsẹ̀ yìí á dà lu gíláàsì lọ́jọ́ tí ẹrù bá tì í.

Ilẹ̀ ni kí wẹ́dà ti jó o tán, kó tó gbé e sórí ọkọ̀. Bó bá di dandan kó jó nǹkan lára ọkọ̀, kó kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì, kí iná má baà ba alternator àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tuntun jẹ́. Ẹ fi àpò tútù bo gíláàsì, ẹ gbé gálọ́ọ̀nù epo jìnnà, kí iyanrìn sì wà nítòsí. Bí páìpù bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi zinc bò, kó ha zinc náà kúrò lójú ibi tó fẹ́ jó. Èéfín rẹ̀ ń ṣe ènìyàn ní ibà.

Ẹ má san owó tán kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní kó fi hámà gbá èèpá dúdú kúrò lójú ibi tó jó, kí ẹ rí i bóyá ó jó o yíká tàbí ó kàn tọ́ ọ níbi méjì mẹ́ta. Kí ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tì í síwájú tagbára-tagbára. Bó bá mì, ẹ dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà ni kó kun ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà, kó tó kun dúdú, títí dé inú ihò bóòtì. Ìgbẹ́ adìyẹ àti afẹ́fẹ́ iyọ̀ etí òkun kì í ṣàánú irin.

Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa fi okùn di ẹrù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ mú sípánà, kí ẹ tún bóòtì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dè, torí wọ́n á ti tú díẹ̀.