Àríyá tó forí ṣánpọ́n: Ta ló jẹ gbèsè rẹ̀?

Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lóde òní, àwọn tó ń ṣe fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ti sọ òwe yìí di òwò. Bí àríyá olókìkí bá dàrú, tàbí tí gbajúmọ̀ kan bá bọ́ sọ́wọ́ agbófinró, wọn a tú ìtàn rẹ̀ palẹ̀ fáyé wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ó rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin oníṣòwò Ṣómólú àti Bàrígà.

Ẹ wo ti Fyre Festival. Billy McFarland, ọmọ Amẹ́ríkà, polówó àríyá orin kan tó ní yóò wáyé ní Exuma, lórílẹ̀-èdè Bahamas, ní oṣù Kẹrin, ọdún 2017. Àwọn arẹwà olókìkí bá a polówó rẹ̀ lórí Instagram, àwọn kan sì san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àgọ́ tí wọ́n ń pa fáwọn tí ìjì bá ba ilé wọn jẹ́ ni wọ́n bá, àwọn olórin tí wọ́n ń retí kò sì yọjú. Lọ́dún 2018, adájọ́ rán McFarland lẹ́wọ̀n ọdún 6.

Ṣùgbọ́n ta ló jẹ gbèsè? Maryann Rolle, ìyá olóúnjẹ kan ní Exuma, sọ nínú fíìmù tí Netflix gbé jáde ní oṣù Kìíní, ọdún 2019, pé tọ̀sán-tòru làwọn ń dáná fáwọn tó ń ṣètò àríyá náà. Owó kò dé, ló bá fi nǹkan bíi 50,000 dọ́là nínú owó tó tù jọ san owó òṣìṣẹ́. Àwọn tó gbọ́ ìtàn rẹ̀ ló dáwó tó lé ní 200,000 dọ́là fún un. Bí kò bá sí fíìmù ńkọ́?

Nítòsí wa níbí, ẹ rántí Ramon Abbas, Hushpuppi, tó dàgbà ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrígà. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Los Angeles rán an lẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3. Oníṣòwò kan ní Qatar, tó ń wá owó yá láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wà lára àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì. Okìkí kì í ṣe ẹ̀rí ìwà rere.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn atẹ̀wé Shipeolu gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó ń yáni ní ìjókòó àti kánópì ní Bàrígà lè kó ẹrù rẹ̀ padà lọ sí òde mìíràn. Pósítà tó ní orúkọ àti déètì lára kò ṣeé tà fẹ́lòmíràn. Bẹ́ẹ̀, atẹ̀wé ti fowó ra pépà, pléètì, íńkì àti epo jẹnẹrétọ̀.

Nítorí náà, kí oníbàárà tó wá pẹ̀lú orúkọ olórin ńlá san àsansílẹ̀ tó ká owó pépà àti pléètì kí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́. Kí ìyókù wọlé kí ẹrù tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹni tí yóò sanwó gan-an fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹni tó rán wá. Ẹ sì pe ẹni tó ni gbọ̀ngàn àríyá, ẹ bi í bóyá wọ́n ti san owó ibẹ̀. Bí wọn kò bá tíì san ti gbọ̀ngàn, ẹ má ṣe fi pépà yín ṣe ẹ̀yáwó fún wọn.