Ta ló ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ìyá wa? Ohun tí ìwádìí Igbó Olókun fi hàn

Ìbéèrè kan kì í tán nínú ìpàdé wa ní Lomé: ta ló ṣe àwọn ìlẹ̀kẹ̀ dígí àtijọ́ tí àwọn ìyá wa tọ́jú sínú àpótí? Apá kan nínú wa ní àwọn òyìnbó ló fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá. Apá kejì ní kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Nísinsin yìí tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun ìní ìdílé, tí a sì gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti wá, a kò lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí a bá kọ lónìí ni àwọn ọmọ wa máa gbà bí òótọ́ lọ́la. Ìwádìí tí a ti ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ti dáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè yìí, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, inú ìwé àwọn onímọ̀ ló sì wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà níbí, èdè Faransé la fi kàwé. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ àlàyé yìí.

Apá àríwá Ilé-Ifẹ̀ ni Igbó Olókun wà. Gbogbo wa mọ̀ pé Olókun ló ni òkun, òun náà ló ni ọrọ̀. Ṣùgbọ́n òkun jìnnà sí Ifẹ̀. Kí ni Olókun wá ń ṣe nínú igbó? Ìlẹ̀kẹ̀ ni ìdáhùn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ifẹ̀ ti mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì ti ń gbẹ́ ilẹ̀ náà láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ lò, tí wọ́n sì ń tà á. Nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí àwọn ìkòkò amọ̀ tí dígí ti yọ́ lẹ̀ mọ́ inú wọn. Frobenius kan náà ló wo iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ tó ní ọwọ́ àwọn àjèjì láti òkè òkun ló wà nínú rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì àti ìlú Atlantis inú ìtàn. A lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín lónìí. Àmọ́ èrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tètè kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ ni pé Ifẹ̀ kò ṣe dígí fúnra rẹ̀. Wọ́n ní dígí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀ tàbí lọ́wọ́ òyìnbó ni wọ́n ń tún yọ́ nínú àwọn ìkòkò wọ̀nyẹn.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó yẹ kí a dúró lé e díẹ̀. Àwọn Krobo ní Gánà, tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn pọ̀ nínú ọjà, máa ń lọ ìgò fọ́, wọ́n á da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú àwo amọ̀ tó ní ihò, wọ́n á gbé e sínú iná títí yóò fi yọ́ papọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ti ṣe dígí yẹn sílẹ̀. Kí èèyàn mú yanrìn àti òkúta, kó sọ ọ́ di dígí, iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn. Yanrìn nìkan kò lè yọ́ àfi tí ooru iná bá tó nǹkan bí 1,700 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná ìléru àtijọ́ kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe dígí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò pò mọ́ yanrìn kó tó lè tètè yọ́, àti ohun tí yóò mú kó le dáadáa tó bá tutù. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ lo iyọ̀ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní natron. Àwọn ará Ìlà Oòrùn lo eérú ewéko. Bí àwọn alásè méjì kì í ti í se ọbẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni dígí ibì kọ̀ọ̀kan ní àpòpọ̀ tirẹ̀, àpòpọ̀ yẹn sì wà nínú rẹ̀ títí láé. Bí a bá rí ọ̀nà láti kà á, dígí náà yóò fúnra rẹ̀ sọ ilé rẹ̀ fún wa.

Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó ní ó jọ pé ìhà gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe irú dígí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ẹnì kan wa ilẹ̀ ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Abidemi Babatunde Babalola, awalẹ̀pìtàn ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe é ní Igbó Olókun láàárín ọdún 2010 sí 2012, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà. Nínú ihò kéékèèké tó wà, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ló jáde, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí àti kílò mélòó kan pàǹtírí iṣẹ́ dígí. Pàǹtírí yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú wa. Ìlẹ̀kẹ̀ lè rìn láti ìlú dé ìlú, ẹnikẹ́ni lè rà á. Ta ló máa ń ra pàǹtírí? Ibi tí a bá ti rí ẹ̀kán dígí, ọ̀pá dígí tí wọn kò gé tán àti ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ti jókòó ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà ni wọ́n fà: wọ́n á fa dígí tó ti yọ́ gùn bí okùn tó ní ihò nínú, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tún fi iná kan ẹnu rẹ̀ kó má baà gé ọrùn.

Àyẹ̀wò ló kàn. Laure Dussubieux ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Field Museum ní Chicago lo ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán lésà ha ìwọ̀nba ìlẹ̀kẹ̀, ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, tí ẹ̀rọ mìíràn á sì ka iye èròjà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò bàjẹ́. Wọ́n ṣe ìlẹ̀kẹ̀ 52 bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Antiquity ní 2017 àti Journal of Archaeological Science ní 2018. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àpòpọ̀ rẹ̀ bá ti Íjíbítì, ti Ìlà Oòrùn tàbí ti Éṣíà mu. Ohun tí a mọ̀ wọ́n sí ni pé kálíṣíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, lọ́nà tí a kò rí ní ibòmíràn láyé àtijọ́. Irú kejì wà tí alumíníọ̀mù rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí kálíṣíọ̀mù rẹ̀ kéré. Alumíníọ̀mù yẹn bá òkúta àti yanrìn agbègbè Ifẹ̀ mu, irú òkúta tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní pegmatite. Ní ti kálíṣíọ̀mù, àwọn olùṣèwádìí kan dá a lábàá pé ìkarahun ìgbín ni wọ́n jó tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Inú wa dùn sí àbá yẹn ju bó ṣe yẹ lọ bóyá, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ìgbín nínú wa, kò sì sí ẹni tó rò pé dígí lè ti inú ìkarahun rẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ náà kò parí sí Ifẹ̀. Akinwumi Ogundiran àti Akin Ige kọ ní 2015 nípa ẹ̀rí iṣẹ́ dígí tí wọ́n rí ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wọ́n sì pe àwọn baba ńlá wa ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú àkọlé rẹ̀. Kò sí àsọdùn níbẹ̀.

Ìgbà wo ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀? Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àyẹ̀wò èédú fi iṣẹ́ Igbó Olókun sí. Àwọn Pọtogí kò dé etíkun wa títí di apá ìparí ọ̀rúndún ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òyìnbó ló kọ́kọ́ mú dígí wá fún wa, ọjọ́ ò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Wọ́n ti rí irú dígí Ifẹ̀ yìí ní Gao àti ní Essouk, ní ilẹ̀ Málì, lójú ọ̀nà àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀. Ìyẹn ni pé dígí Ifẹ̀ ń gòkè lọ sí àríwá lásìkò tí a rò pé àríwá nìkan ló ń fi ọjà ránṣẹ́ sí wa. Ẹ wo ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n wà jáde ní Ìta Yemòó ní 1957, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe bo ọrùn àti àyà rẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ló ni ohun tí a fi ń mọ ọba.

Ó wá kan Tógò, ibẹ̀ la sì ti fẹ́ kí ẹ rọra. Kò tọ̀nà kí a kọ “Ilé-Ifẹ̀” sára gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó bá dúdú bí aró, kí a ní sẹ̀gi ni. Láti ìgbà tí òwò òkun ti bẹ̀rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ Venice àti ti ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn ti wọ etíkun yìí lọ́pọ̀ yanturu, ìlẹ̀kẹ̀ Krobo náà sì ń bẹ. Ojú nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun kan náà ni a ó sọ nípa apáàdì. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, ló pàṣẹ kí wọ́n fi apáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú. Irú ilẹ̀ alápáàdì bẹ́ẹ̀ wà ní Tógò pẹ̀lú, ní Notsé àti ní ilẹ̀ Kabyè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dola Angèle Aguigah ló ṣe ìwádìí ńlá lórí wọn. Àwọn kan nínú wa ti sáré sọ pé ará Ifẹ̀ ló tẹ́ ẹ. Èèyàn méjì lè fi apáàdì tẹ́ ilẹ̀ láì jẹ́ ọmọ ìyá, a kò sì fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Ewe àti Kabyè lọ́wọ́ wọn bí Frobenius ṣe fẹ́ gba ti Ifẹ̀ lọ́wọ́ Ifẹ̀.

Ti àwọn Ifè Atakpamé yàtọ̀. Wọ́n sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá, èdè wọn sì ń jẹ́rìí sí i pé ọmọ ilé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Yorùbá; àwọn onímọ̀ èdè kà wọ́n mọ́ àwọn èdè tí wọ́n ń pè ní Ede, tí wọ́n ń sọ ní Tógò àti ní orílẹ̀-èdè Benin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí èdè kì í ṣe ẹ̀rí ìlẹ̀kẹ̀. Èdè ń sọ ìbátan, dígí ń sọ ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ. Ìdílé kan lè ti Ifẹ̀ wá kó sì jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Venice ló wà nínú àpótí wọn.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni ọjà. Àwọn tó ń ra ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń sanwó tó dùn mọ́ni. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ti kúrò nílé láì ní àkọsílẹ̀, ẹ̀rọ Chicago pàápàá kò lè sọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tàbí ọrùn ta ló ti wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde láì bìkítà: iye ọdún rẹ̀ wà nínú erùpẹ̀ àti èédú tó yí i ká, kò sí lára ìlẹ̀kẹ̀ nìkan.

Nítorí náà, lórí fọ́ọ̀mù tuntun tí a ń lò, a ti yọ àyè “orírun” kúrò, a sì fi àyè mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: ọwọ́ ta ló wà báyìí, ọwọ́ ta ni onítọ̀hún ti gbà á, àti ohun tí ìdílé ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ má ṣe já okùn rẹ̀, ẹ má ṣe fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má sì tún un sín. Bí ẹ bá ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní Atakpamé tàbí ibikíbi, tí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí apáàdì bá jáde, ẹ dá ọkọ́ dúró, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó mú un, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí wa.