Ojú Nìkan Kọ́ Ló Ń Wakọ̀: Ìlàlóye fún Àwọn Àgbà Tó Ṣì Ń Wakọ̀

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, bí ẹ bá ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri tán níbi àyẹ̀wò ojú, ó dára, àmọ́ kò tíì tó. Ojú lè ríran kedere kí awakọ̀ má sì tètè tẹ bíréèkì fún ọmọ tó já sójú títì. Ojú rí ọmọ náà. Ọpọlọ ni kò tètè mọ ohun tí ojú rí. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ yìí ń falẹ̀, ó sì ṣòro kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ fura, torí ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lára ló ń gbà.

Àyẹ̀wò tó ń wo èyí wà. Useful Field of View ni wọ́n ń pè é; Karlene Ball, onímọ̀ kan ní Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Iwájú kọ̀ǹpútà lẹ ó jókòó sí. Àwòrán ọkọ̀ kan a yọ, a sì pòórá wéré. Ẹ ó sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, òmíràn a tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lákòókò kan náà, ẹ ó sì tọ́ka síbi tó wà. Níkẹyìn, wọn a wá fi àwòrán mìíràn yí i ká kó lè ṣòro rí. Kì í ṣe ìdánwò ìwé o, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1998, àwọn àgbà tí agbára wọn níbi àyẹ̀wò yìí ti dín ní 40% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní jàǹbá ọkọ̀ ní ìlọ́po méjì àwọn yòókù, ó tilẹ̀ lé díẹ̀, láàárín ọdún mẹ́ta.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù ni pé ìdálẹ́kọ̀ọ́ lè ràn yín lọ́wọ́. Ìwádìí ACTIVE kó àwọn tó ti pé 65 ọdún sókè jọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n lé ní 2,800. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìyára ọpọlọ, àwọn kan ní ìrònú, àwọn kan ní ìrántí. Ìpàdé 10 ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà, bíi wákàtí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn tó ń wakọ̀, àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìyára ọpọlọ, àtàwọn tí wọ́n kọ́ ní ìrònú, jàǹbá tí ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn tí wọn kò kọ́ ní nǹkan kan láàárín ọdún mẹ́fà. Ti àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìrántí kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ẹni tó bá sọ pé eré kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ló ń dènà jàǹbá gbọ́. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í sì í wo àrùn ìgbàgbé sàn.

Bí ẹ bá ń ṣìnà ládùúgbò yín, tàbí tí ara ọkọ̀ yín ń ha tí ẹ kò sì mọ ibi tó ti ha, ẹ tètè wá rí wa nílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ òbí yín. Ẹ bá wọn wá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mú awò ojú dání, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, torí òmíràn ń kunni lóorun.