Ìjánu Ọmọ Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa ẹ̀jẹ̀, ẹṣin ni mo fi ń ṣe àpèjúwe. Ẹṣin tí kò ní ìjánu, ẹni tí ó gùn ún ni yóò gbé ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀: bí kò bá sí ìjánu, ara wa gan-an ni yóò bá jà.

PD-1 jẹ́ ọ̀kan nínú ìjánu wọ̀nyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tasuku Honjo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó rí i ní Kyoto, ní ilẹ̀ Japan, ní 1992. Ṣùgbọ́n àrùn jẹjẹrẹ gbọ́n; òun náà a máa fa ìjánu yìí kí ọmọ ogun má baà kọlù ú. Láti 2014 ni àwọn dókítà ti ní oògùn tí ń gba ìjánu náà lọ́wọ́ rẹ̀. Honjo sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018.

Kí wọn tó lè dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò, wọn a fi jíìnì PD-1 ti ènìyàn sínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò ṣe PD-1. Wọn yóò sẹ́ ẹ kí ó mọ́, wọn yóò sì wò ó bóyá oògùn lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, PD-1 inú ìgò yìí kì í ṣe oògùn. Ti ilé ìwádìí ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tà á fún yín pé ó ń wo jẹjẹrẹ, ẹ di àpò yín mú. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan kókó lára, kí ó tètè lọ rí dókítà.